Oníkan: Pápá Bọ́ọ̀lù Tí Orúkọ Rẹ̀ Ń Bá Ìjọba Yí

Ẹni tó bá dúró lọ́jà Ikpinlè, ní orílẹ̀-èdè Benin tiwa, Èkó sún mọ́ ọn ju Parakou lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Yúróòpù, wọ́n fa ìlà kan láti etí òkun lọ sókè, ìlà náà sì ya àwa ará Adja-Ouèrè, Massè, Kpoulou, Pobè àti Sakété kúrò lára àwọn ìbátan wa tó wà ní ìhà Ìlaròó. Láti ìgbà náà ni èdè ìjọba wa ti yàtọ̀, tí owó wa yàtọ̀, tí ìwé táwọn ọmọ wa ń kà nílé ẹ̀kọ́ yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù ló kọ̀ tí kò tẹ̀lé ìlà. Ọmọdé tó ń lé bọ́ọ̀lù kiri níhìn-ín mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bó ṣe mọ ti Benin, bí ikọ̀ méjèèjì bá sì pàdé, ẹnu kì í kò nínú agbo ilé kan náà.

Nítorí náà, ìtàn pápá Oníkan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ l'Ékòó, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àgbà gbogbo pápá bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, kan àwa náà. Mo fẹ́ sọ ọ́ láti ìpìlẹ̀, kí n sì mú àwọn pápá tiwa ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnù wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ohun kan náà ló kọ́ wọn, ohun kan náà ló sì ń sọ wọ́n di ahoro. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹni tó wà lórí àga àti orúkọ tó ń wá ni.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́

Oníkan wà níbi tí Erékùṣù Èkó ti ń parí lọ sí Ìkòyí. Kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó lè di pápá ìjọba, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ilẹ̀ ìjọba. Ọjọ́ 6 oṣù Ògún, ọdún 1861, ni Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó gbé Èkó fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Níbí gan-an ni ìtàn ti kọ́kọ́ pín sí méjì. Bí a bá ka ìwé àdéhùn náà, yóò dà bíi pé tinútinú ni ọba fi ìlú rẹ̀ tọrẹ. Ìtàn ẹnu Ìsàlẹ̀ Èkó kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lórí ọ̀sà, tí ẹnu ìbọn rẹ̀ kọjú sí ìlú, ọba sì rántí ohun tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti ṣe sí Èkó ní ọdún 1851. Dòsùnmú fúnra rẹ̀ kọ̀wé ẹ̀sùn sí Ọbabìnrin Victoria lẹ́yìn náà. Lójú tèmi, ìtàn ẹnu ló sún mọ́ òtítọ́ jù nínú ọ̀ràn yìí, nítorí ẹni tó di ìbọn mú náà ló kọ ìwé.

Àkọsílẹ̀ mìíràn tún sọ pé ní ọdún 1859, ọdún méjì kí òyìnbó tó gba ìlú, Dòsùnmú ti yọ̀ǹda ilẹ̀ kan fún àwọn òyìnbó láti máa sá eré ẹṣin. Ilẹ̀ náà ni à ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí, kò sì jìnnà sí Oníkan rárá. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá tọ̀nà, eré òyìnbó ti ń wá ilẹ̀ l'Ékòó kí ìjọba òyìnbó tó rí ilẹ̀ jókòó sí. Àyíká pápá ẹṣin yẹn ni ohun gbogbo tó jẹ mọ́ ọ̀làjú amúnisìn wá kóra jọ sí: ilé ẹ̀kọ́ King's College dé ní ọdún 1909, ọgbà ìgbafẹ́ dé, pápá bọ́ọ̀lù dé, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí sì dé ní ọdún 1957.

Bọ́ọ̀lù wọ Èkó

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní Nàìjíríà kò wáyé l'Ékòó. Kàlàbá ni, ní oṣù Òkúdù ọdún 1904, nígbà táwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Hope Waddell kojú àwọn atukọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ọkọ̀ HMS Thistle, tí wọ́n sì nà wọ́n ní ayò 3 sí 2. Èkó ní tirẹ̀ ní òyìnbó kan tó ń jẹ́ Frederick Mulford, tí ìlú sọ ní Baba Èkó, tó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ gbá bọ́ọ̀lù ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ náà kó o wọlé, nítorí àwọn àlùfáà gbà pé eré náà ń kọ́ ọmọ ní ìgbọràn.

Kí ló wá mú kí ìjọba amúnisìn máa náwó lórí pápá? Ẹ má ṣe jẹ́ ká rò pé ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Láàrin ọdún 1900 sí 1930, rélùwéè, èbúté, ọlọ́pàá àti ilé ìfìwéránṣẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ wọ Èkó láti ìgbèríko. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n ń gba owó oṣù, ilé baba wọn sì jìnnà. Ọ̀dọ́ tó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ kò ní ráyè jókòó sọ̀rọ̀ owó orí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó lórúkọ nígbà náà, ti ilé iṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú wọn: Railway, Marine, ọlọ́pàá, ilé iṣẹ́ ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀sán ló ń bá wọn dé orí pápá lálẹ́.

Bí a bá fẹ́ mọ irú ojú tí ìjọba náà fi ń wo ìgbádùn aláwọ̀ dúdú, ká wo adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà ní Oníkan náà. Dókítà John Randle, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ògbóǹtarìgì oníṣègùn àti òṣèlú, ló fowó ara rẹ̀ kọ́ ọ ní ọdún 1928, nítorí ìjọba kọ̀ láti kọ́ ibi tí ọmọ ìbílẹ̀ yóò ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Pápá bọ́ọ̀lù rọrùn láti fún wa, torí kò gba ju ilẹ̀ títẹ́jú àti òpó mẹ́rin lọ.

Ọdún wo gan-an ni pápá Oníkan bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan kọ ọ́ pé ọdún 1930 ni wọ́n ṣe é. Àwọn mìíràn ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti ọdún 1936 tó gba orúkọ ọba. Mi ò rò pé ìjà wà níbẹ̀: bọ́ọ̀lù ti ń yí lórí ilẹ̀ náà kí orúkọ tó dé, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kì í ka ohun kan sí ohun títí dìgbà tó bá sọ ọ́ lórúkọ. Irú àríyànjiyàn yìí náà ló wà lórí àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo èèyàn ń sọ pé ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tó yá, ìròyìn inú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan jáde tó fi hàn pé ọjọ́ 21 oṣù Ògún, ọdún 1933, ni wọ́n ti ṣí àjọ náà nílé tó ní nọ́ńbà 42 ní Broad Street, tí Henry Porter sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún méjìlá kò kéré láti sọnù nínú ìtàn àjọ kan. Ohun tó fà á ni pé ọdún 1945 ni ife ẹ̀yẹ ńlá bẹ̀rẹ̀, ife ni ìlú sì ń rántí, ta ló ń rántí ìpàdé ìgbìmọ̀?

Ọba òkèèrè gba pápá

Ní ọdún 1935, Ọba George Karùn-ún ṣe ayẹyẹ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1936 ó wàjà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀ kì í ṣe ère òkúta bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: wọ́n dá owó jọ, wọ́n fi la pápá ìṣeré sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè wọn, ó sì ju 400 lọ nígbà tí iṣẹ́ náà parí. Afẹ́fẹ́ kan náà ló fẹ́ dé Èkó. Oníkan di King George V, ẹnu Èkó sì gé e kúrú sí KGV.

Ọba náà kò fẹsẹ̀ tẹ Èkó rí ní gbogbo ìgbà tó fi jọba. Síbẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti dàgbà. Ní ọdún 1938, Nnamdi Azikiwe dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá tirẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ZAC. Ní ọdún 1942, ẹgbẹ́ náà gba líìgì Èkó àti ife ẹ̀yẹ ìrántí ogun. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì ni Azikiwe ń kó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ rìn káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, èrò á pé jọ, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ òmìnira. Ìjọba tó la pápá sílẹ̀ kí ọ̀dọ́ má bàa ráyè òṣèlú ló wá ń wo bí òṣèlú ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà pápá wọlé.

Ní 1945, ogun parí, ìdíje ife ẹ̀yẹ fún gbogbo orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀, Marine ló sì gbà á lọ́dún àkọ́kọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, Èkó ló ń gbà á. Ọdún 1953 ni ife náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílùú, tí ikọ̀ Kano gbé e lọ sí òkè. Kì í ṣe pé ará òkè kò mọ bọ́ọ̀lù. Èkó ni pápá wà, Èkó ni ilé iṣẹ́ tó ń san owó agbábọ́ọ̀lù wà, ọ̀nà sì jìnnà.

Láìwọ bàtà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Etim Henshaw ni balógun wọn. Ìhà Liverpool ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Marine Crosby. Báńdéèjì ni wọ́n dì mọ́ kókósẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ayò 5 sí 2 ni wọ́n fi nà wọ́n, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó. Àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kù kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tútù kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹsẹ̀ òfìfo. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n na Sierra Leone ní 2 sí òdo, èyí sì ni ìwé kà sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Gold Coast, tó di Ghana lónìí, wá sí Èkó, Nàìjíríà sì fún wọn ní 5 sí òdo. (Ní ọdún 1955 àwọn náà san án padà ní Accra pẹ̀lú 7. Ará Ghana kì í gbàgbé rẹ̀.)

Nínú àwọn tó lọ ní 1949 ni Tèsílíìmù Balógun wà, tí wọ́n ń pè ní Thunder. Ìwé sọ nípa rẹ̀ pé ní ọdún 1955 ó lọ sí ẹgbẹ́ Peterborough, ó sì bọ́ sí Queens Park Rangers ní 1956, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbowó gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ẹnu ní ohun tó pọ̀ ju ìyẹn lọ láti sọ. Wọ́n ní bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù, àwọ̀n á fàya. Lékè gbogbo rẹ̀ ni ìtàn Íńdíà, tí kò sí ọmọdé ìgbà náà tí kò gbọ́ ọ, níhà tiwọn àti níhà tiwa. Wọ́n ní Nàìjíríà bá Íńdíà gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ará Íńdíà sì lo oògùn: bọ́ọ̀lù á di ọ̀pọ̀lọpọ̀ lójú aṣọ́lé, tàbí kó di kìnnìún. Ayò 99 ni wọ́n jẹ. Adájọ́ eré wá ní bí Nàìjíríà bá lè jẹ ẹyọ kan péré, àwọn ló borí. Thunder ló jẹ ẹyọ kan yẹn, ó sì ṣubú lulẹ̀ ó kú.

Kò sí ìwé kankan tó ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yìí nínú. Balógun kú ní oṣù Agẹmọ ọdún 1972, ojú oorun ló gbà lọ nílé rẹ̀ l'Ékòó, lẹ́yìn tó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá tó sì ti kó ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ọdún 1968. Níbo wá ni ìtàn náà ti jáde? Mo rò pé ohun mẹ́ta ló pàdé. Àwọn ará Íńdíà náà gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà ní Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ní 1948, ọdún kan ṣoṣo ṣáájú tiwa, ìròyìn méjèèjì sì rọrùn láti pò mọ́ra. Fíìmù Íńdíà tó kún fún idán dé ilé sinimá wa láìpẹ́ sí i. Ẹ̀kẹta, bàtà bọ́ọ̀lù di ọ̀ranyàn, àwọn èèyàn sì ń wá ìdí tí wọ́n fi ní ká wọ̀ ọ́. Ìtàn oògùn dáhùn ìbéèrè yẹn ju ìwé òfin lọ. Òpìtàn tó bá sọ pé irọ́ ni kó sì kọjá lọ ti pàdánù nǹkan, nítorí ìtàn yìí sọ bí ìran kan ṣe rí ara rẹ̀: wọ́n lè fi ayò 99 nà wá, síbẹ̀ ẹnì kan yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ jẹ ẹyọ kan.

Orúkọ ọba sọ̀ kalẹ̀

Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1963, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè tí kò ní ọbabìnrin òyìnbó lórí mọ́. Ọdún yẹn náà ni àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí fi ìyípadà orúkọ pápá sí: KGV di Lagos City Stadium. Ní 1973 ó tún di Oníkan, orúkọ àdúgbò, èyí tí mo rò pé òun ló bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo wọn.

Níhà tiwa, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní pápá kan tó ń jẹ́ Charles de Gaulle. Faransé ti kó ẹrù rẹ̀ láti 1960, orílẹ̀-èdè ti pààrọ̀ orúkọ tirẹ̀ gan-an láti Dahomey sí Benin ní 1975, ìjọba Marx wọlé ó sì jáde, De Gaulle ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Kí ló fa ìyàtọ̀? Àwọn kan yóò ní ìfẹ́ Faransé ni. Mi ò gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Kútọnù ni agbára ń ṣí lọ, ibi tí agbára kò sí, orúkọ kì í yí, torí kò sẹ́ni tó ń bínú sí i.

Agbára náà ló ń gbé pápá kiri ní Nàìjíríà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó fẹ́ fi hàn pé òun kò kéré sí ìjọba àpapọ̀, kọ́ pápá Liberty sí Ìbàdàn lákòókò òmìnira, pápá tó lè gba èèyàn 35,000. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún 1963, ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé tí irú rẹ̀ kò wáyé rí nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Oníkan ò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí tí owó epo dé, ìjọba àpapọ̀ dáhùn: ó kọ́ National Stadium sí Sùúrùlérè, ó sì ṣí i ní 1972 fún ìdíje gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973. Níbẹ̀ ni Nàìjíríà ti gba ife Áfíríkà ní oṣù Ẹrẹ́nà 1980, tí wọ́n na Algeria ní 3 sí òdo, Ṣẹ́gun Odégbàmí sì jẹ méjì nínú rẹ̀.

Láti 1972, Oníkan di pápá àdúgbò. Mo rò pé ìgbà yẹn gan-an ló di ti ará Èkó. Stationery Stores, ẹgbẹ́ tí Israel Adébájọ̀ dá sílẹ̀ ní 1958 láti inú ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ta ìwé àti gègé, fi ibẹ̀ ṣe ilé. Adébájọ̀ kú ní 1969, ṣùgbọ́n Adebajo Babes ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà títí wọ́n fi gba ife orílẹ̀-èdè lọ́dún 1982 àti 1990. Julius Berger àti First Bank náà gbá níbẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ kò pọ̀, orí òǹwòran súnmọ́ ìlà pápá débi pé agbábọ́ọ̀lù ń gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀ nínú èébú.

Kútọnù náà rí tirẹ̀ gbà ní 1982. Benin àti Ṣáínà ti parí ìjà láti òpin 1972, ìjọba Mathieu Kérékou sì nílò ohun tí ojú lè rí. Àwọn ará Ṣáínà kọ́ Stade de l'Amitié sí Kouhounou, èyí tó lè gba èèyàn 35,000. Irú pápá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ilé ìwòsàn ń tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n pápá ni gbogbo ìlú ń wọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí Kérékou kú ní oṣù Ọ̀wàrà 2015, kò pẹ́ tí pápá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Wíwó àti títún kọ́

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikú ló mú kí wọ́n tún pápá kọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Igbe 1989, èrò fún ara wọn pa ní pápá Hillsborough ní Sheffield, èèyàn 97 ló bá a lọ. Ìwádìí Adájọ́ Taylor parí ní 1990, ó ní kí gbogbo òǹwòran ní àwọn pápá ńlá máa jókòó. Láàárín ogún ọdún, ìgbèríko àti ìlú ńlá wọn yí padà: wọ́n wó Wembley, wọ́n ṣí tuntun ní 2007 fún èèyàn 90,000, Highbury tí Arsenal ń lò láti 1913 di ilé gbígbé. Owó tẹlifíṣọ̀n ló san ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ikú ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Ní oṣù Èbìbí 2001, èèyàn 126 ló kú ní pápá Accra ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ikú kọ́ ló sábà máa ń mú kí ìjọba wa gbé ṣọ́bìrì. Pápá Sùúrùlérè rọra di àkúfọ́ lójú gbogbo ayé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ pápá mìíràn ní 1984. Ọdún 2007 ló parí, wọ́n sì fi orúkọ Tèsílíìmù Balógun sọ ọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún fún pápá kan, nítorí gómìnà tó bá dé kì í fẹ́ parí iṣẹ́ tí yóò jẹ́ ògo ẹlòmíràn.

Ti Oníkan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Akinwunmi Ambode, tó wó èyí tó pọ̀ nínú pápá àtijọ́ láti tún un kọ́. Ó kúrò lórí àga ní oṣù Èbìbí 2019, Babajide Sanwo-Olu sì gba ipò. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, Mobọ́lájí Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó ní láti 1967 sí 1975, dolóògbé. Pápá náà di Mobolaji Johnson Arena. Ẹ wò ó dáadáa: bí àkọsílẹ̀ ọdún 1973 bá tọ̀nà, ìgbà tí Johnson ń ṣe gómìnà ni wọ́n dá orúkọ àdúgbò padà fún un, orúkọ Johnson náà ló sì wá lé e lọ. Mi ò sọ pé kò yẹ fún irú iyì bẹ́ẹ̀, ó ṣiṣẹ́ fún Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ pé Mobolaji Johnson Arena lẹ ń lọ, yóò bi yín bóyá Oníkan lẹ ń wí.

Ohun tó dára nínú iṣẹ́ náà ni pé wọn kò bá a du títóbi. Nǹkan bí èèyàn 10,000 ló lè gbà. Ilẹ̀ Oníkan wọ́n bí ojú, ilé ọlọ́rọ̀ ti yí i ká, ẹlòmíràn ì bá sọ ọ́ di ilé ìtajà. Koríko àtọwọ́dá ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ó máa ń gbóná lẹ́sẹ̀ bí oòrùn bá mú, ṣùgbọ́n kì í di ẹrọ̀fọ̀ nígbà òjò Èkó. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, ìdíje àwọn obìnrin tí wọ́n fi orúkọ Aisha Buhari sọ wáyé níbẹ̀, South Africa sì na Nàìjíríà ní 4 sí 2 láti gba ife náà. Sporting Lagos, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2022, fi ibẹ̀ ṣe ilé, èrò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ẹgbẹ́ Ikorodu City náà dé síbẹ̀.

Ní ìhà tiwa

Ní ọjọ́ 24 oṣù Ẹrẹ́nà 2019, Kouhounou kún fọ́fọ́ nígbà tí Benin na Togo ní 2 sí 1, tí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lọ sí ìdíje Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn láìborí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Nàìjíríà ń bọ̀, àtúnṣe ń lọ ní Kútọnù, wọ́n sì gbé eré náà lọ sí Charles de Gaulle ní Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ni ikọ̀ Nàìjíríà wọ̀ láti Èkó, wọ́n gba orí ọ̀sà dé Àjàṣẹ́, ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò wa ti ń tọ̀ kí òyìnbó tó mọ ibi tí Àjàṣẹ́ wà. Paul Onuachu jẹ ẹyọ kan nígbà tí àkókò ti fẹ́ tán, wọ́n sì padà gba ojú omi lọ.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin rẹ̀: àga fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, iná tó tó, yàrá ìmúra tó bójú mu. Pápá Benin kò bá a mu mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù 2024, Benin na Nàìjíríà ní 2 sí 1, ìṣẹ́gun tí inú gbogbo ẹkùn Plateau tiwa dùn sí. Abidjan ni wọ́n ti gbá a. Wọ́n pè é ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé. Ọmọ Ikpinlè tó bá fẹ́ wo ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ "nílé" nígbà náà ní láti la Togo àti Ghana kọjá. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní oṣù Bélú ọdún kan náà, Abidjan náà ni. Nàìjíríà kò sàn jù wá lọ: Èkó, ìyá bọ́ọ̀lù, kò rí pápá fi gba ikọ̀ Nàìjíríà, Super Eagles, lálejò, Uyo ni wọ́n ti ń gbá.

Nínú gbogbo pápá tí mo kà sílẹ̀ yìí, Oníkan ló kéré jù, òun ni mo sì fún ní ìborí, nítorí bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí kọmúnù Adja-Ouèrè, àti ẹ̀yin aṣòfin Plateau: bí owó pápá bá dé ọwọ́ yín lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́ èyí tó kéré, tí koríko rẹ̀ kò ní kọjá agbára yín láti gé, kí ẹ sì kọ owó ìtọ́jú rẹ̀ sínú ìwé ètò ìnáwó lọ́dọọdún kí ẹ tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ orúkọ. Orúkọ ìlú wa, Ikpinlè, tó ó jẹ́.